Orúkọ Tí Sọ̀fíyàt Fò

"Sọ̀fíyàt, ó kù díẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀kùn o!"

Tísà Akíndèjì ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àṣejáde máa parí, gbogbo orúkọ ilé-ìwé wọn l'Ọ́kà sì gbọ́dọ̀ dé inú kọ̀ǹpútà àjọ ìdánwò l'Ábùjá.

Sọ̀fíyàt, tó mọ kọ̀ǹpútà jù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ti fúnra rẹ̀ kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé láti fi orúkọ ránṣẹ́. Àmọ́ ọ̀kan á lọ, á dúró gba èsì, kí òmíràn tó gbéra. Ta ní í rán ọmọ láti Ọ̀kà lọ ra ata l'ọ́jà Ìkàrẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Ilẹ̀ á ṣú, ọbẹ̀ ò ní jinná. Nígbà tí Sọ̀fíyàt rí i bẹ́ẹ̀, ó tún àṣẹ náà kọ, ó di àwọn orúkọ ní ìdì-ìdì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì.

Àfi ìdì tó kẹ́yìn. Odindi rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà dá padà, ó ní ẹnì kan wọlé lẹ́ẹ̀mejì.

"Fi 'fò ó' sí i jàre," Dayọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ sí i létí. "Èyí tí wọn ò bá gbà, kó fò ó, kó máa lọ. Abẹ́g, àkókò ò sí!"

Ọkàn Sọ̀fíyàt ní kó kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á, ó sì wù ú kí wọ́n yìn ín. Ó fi 'fò ó' sí i. Kíá, ìdì náà wọlé.

"Ṣé gbogbo wọn ló wọlé?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

Tísà pàtẹ́wọ́. Orí Sọ̀fíyàt wú.

Kò pẹ́ sí i, àwọn ìbejì Oyèbọ̀dé wá wo orúkọ wọn. Ti Táyé wà níbẹ̀. Wọ́n wá ti Kẹ́hìndé títí, wọn ò rí i. Sọ̀fíyàt yẹ àkọsílẹ̀ wọn wò. Orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà fóònù kan: kọ̀ǹpútà ti ka ìbejì sí ẹnì kan ṣoṣo.

"Sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni," Dayọ̀ tún sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Sọ̀fíyàt mi orí, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Mo fò ó láì wò ó."

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ báyìí. Tísà gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di Ìkàrẹ́, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà. Kí wọ́n tó débẹ̀, àjọ ìdánwò ti tilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Sọ̀fíyàt bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Kẹ́hìndé sin Táyé dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Sọ̀fíyàt ò lè wo ojú rẹ̀.

"O ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo rán Táyé kó wá tọ́ ayé wò," Kẹ́hìndé ní, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó tún ṣáájú mi wọlé." Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, èmi kọ́ ni mo rán an."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò burú kí iṣẹ́ yá. Kí a fo ohun tí a kò yẹ̀ wò ló burú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá sì fi ìkánjú fò, ọmọ ẹnì kan ni.