Rúmù Tí Kò Ṣubú

"Ràúdátù, kí ni ahunṣọ Ìlọrin ń wá nínú ìtàn ọba Rúmù?"

Sufyan ju ìwé tí Ràúdátù kọ ìtàn rẹ̀ sí sórí ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Ràúdátù ni. Tanke, nítòsí yunifásítì tó ń lọ, ló ń gbé, gbogbo ẹbí ló sì gbà pé orí rẹ̀ pé.

Ràúdátù mú ìwé rẹ̀ padà. Ọ̀gbẹ́ni Ìsmáílà, olùkọ́ ìtàn wọn, ló ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣojú ilé ìwé wọn níbi ìdíje ìtàn ní Àbújá mú ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan láyé àtijọ́, kó yí i padà, kó sọ bí ayé ìbá ṣe rí lónìí. Rúmù ni Ràúdátù mú, ìjọba ńlá àwọn Gíríìkì tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kọnstantinópù. Ó ti lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún tí àwọn Tọ́ọ̀kì ti gbà á. Nínú ìtàn Ràúdátù, wọn ò rí i gbà. Ọba Rúmù ṣì wà lórí ìtẹ́ títí dòní, ó ń lo fóònù bíi tiwa, ṣùgbọ́n kì í gúnwà láìwọ àlàárì tí wọ́n hun ní Ìlọrin.

Bàbá àgbà rẹ̀, Alfa Àhmádù, tó ní ilé kéú ní Gàmbàrí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ Rúmù fún un, nígbà tó ń túmọ̀ Súrà Àlùkùránì tó ń jẹ́ Rúmù. Ẹnu àwọn àgbà ahunṣọ àdúgbò ló sì ti gbọ́ pé aṣálẹ̀ ni òwú ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì ń gbà wá sílẹ̀ yìí nígbà kan.

"Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́," Sufyan wí. "Jẹ́ kí n bá ẹ ṣe é."

Ó tẹ fóònù, ó ní kí ẹ̀rọ tó ń dá ìtàn kọ níbẹ̀ kọ ti Rúmù. Kíá ni ìtàn mìíràn jáde, ó ń dán gbinrin, kò sí Ìlọrin níbẹ̀ rárá.

"Bọ̀ọ̀dá Sufyan, ṣé kò ní dà bí ìgbà tí mo jí i?"

"Ta ló máa mọ̀?"

Ọkàn Ràúdátù ti wà ní Àbújá. Ó da ti fóònù kọ, òun ló sì fi sílẹ̀ fún olùkọ́.

Lọ́jọ́ ìdíje tí wọ́n máa fi yan ẹni tó ń lọ, gbọ̀ngàn ilé ìwé kún. Bàbá àgbà wé láwàní funfun, ó jókòó síwájú. Abdulqudus, ọmọ kíláàsì Ràúdátù, ló kọ́kọ́ bọ́ síta. Ó ti gbọ́ tí Ràúdátù ń sọ̀rọ̀ Rúmù ní kíláàsì, ó jí èrò náà gbé, òun náà sì bẹ fóònù lọ́wẹ̀. Nígbà tó ka ìlà kìíní, àyà Ràúdátù já. Ogun kan náà, ọmọ ọba kan náà, àní ọ̀rọ̀ tó fi kásẹ̀ rẹ̀ ńlẹ̀ jọ ti ọwọ́ òun bí ìbejì.

Wọ́n pe Ràúdátù. Ó gbé ìwé rẹ̀, ó bọ́ síwájú.

Ní ilé kéú Bàbá, wọn kì í fọ wàláà, pátákó tí ọmọ ń kọ kéú sí, títí tí ọmọ yóò fi dojú rẹ̀ dé, tí yóò sì ké gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìwò ó. Ràúdátù dojú ìwé rẹ̀ dé sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ìwé tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ má fún mi ní máàkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi."

Olùkọ́ mi orí pé kó máa bá a lọ.

Ó sọ ọ́ látorí, láìwòwé. Nígbà tí ogun dó ti Rúmù, àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kí ọjà ṣẹ́dà tú ló ń kó oúnjẹ wọ̀lú, ìdí nìyẹn tí ìlú náà ò fi ṣubú. Lónìí, ìránṣẹ́ ọba gbé ẹrù ṣẹ́dà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀fà Garage, ní Ìlọrin níbí, ó ní òun ń wá àwọn ahunṣọ. Oníkẹ̀kẹ́ wò ó: "Rúmù lẹ ti ń bọ̀? Ẹ wọlé, ẹni mẹ́ta ni mo gbé níjẹta!" Gbọ̀ngàn rọ́ fún ẹ̀rín. Nígbà tó dé ibi tí ọba Rúmù ti na àlàárì sókè, tó ní, "Àwọn ará Ìlọrin ló wọ̀ mí láṣọ yìí," gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Mo gbádùn rẹ̀," Ọ̀gbẹ́ni Ìsmáílà wí, ojú rẹ̀ fà ro. "Ṣùgbọ́n ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ la fi ń díje. Ìwé ìwọ àti Abdulqudus bára mu délẹ̀, ẹ ò lè lọ. Naimat tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ ni yóò lọ."

Ó dun Ràúdátù wọnú egungun. Níta, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá àgbà, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá, ẹ forí jì mí."

"Wọ́n ní àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ èèyàn," ni Bàbá wí. "Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. O fi tìrẹ sílẹ̀, o lọ gbé ti ẹlòmíì wọ̀, ìyẹn dùn mí. Àmọ́ nígbà tó o jẹ́wọ́, tó o sọ tìrẹ, orí mi wú, Ràúdátù."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá dìde lórí awọ àgbò tó máa ń jókòó lé kọ́ kéú, tí ọmọ kankan kì í fẹsẹ̀ kàn. Ó ní kí Ràúdátù jókòó síbẹ̀, kó sọ ti Rúmù fún àwọn ọmọ kéú. Ràúdátù jókòó, ó gbórí sókè, ó sì sọ ọ́ dópin. Kò débi Àbújá lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn máa tijú ohun tó ti orí ara rẹ̀ jáde, torí òun nìkan ni kò lè bá ti ẹlòmíì dọ́gba.