Òjíṣẹ́ Kọkànlá

Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá rò pé mo ń purọ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì àgbà. Òun náà ṣì wà láyé.

Ilé ìwòsàn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo kọ ètò tó ń so ìyá tó bá pè wá pọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì. Òjíṣẹ́ ni mo ń pe nǹkan tó ń gbé ìpè kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ènìyàn o. Kóòdù lásán ni. Ṣùgbọ́n dídá ọ̀kan sílẹ̀ máa ń pẹ́, ọmọ tí gìrì mú kò sì lè dúró. Nítorí náà, ètò náà máa ń dá mẹ́wàá láàárọ̀, á kó wọn pamọ́. Ìpè dé, a yá ọ̀kan. Ìpè parí, a fọ gbogbo ohun tó gbé kúrò nínú rẹ̀, a dá a padà fún ẹlòmíràn. Mẹ́wàá péré. Kò gbọdọ̀ lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Nọ́ọ̀sì àgbà já wọlé, kò tilẹ̀ kí mi.

“Ta ló wà lórí ìpè mi?”

“Ìpè wo, mà?”

“Mo ní kí ìyá kan fún ọmọ rẹ̀ ní oògùn ibà, ṣíbí méjì. Ohùn ọkùnrin kan dá sí i. Ó ní, ‘Má fún un o.’”

“Bóyá a ò fọ òjíṣẹ́ náà dáadáa, mà. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló kù síbẹ̀.”

“Ọ̀rọ̀ tó kù máa ń dáni lóhùn ni? Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, ‘Kó wo ìgò náà.’”

Ìyá náà wò ó. Oògùn tí ìyá àgbà ilé wọn fi ń sùn ló wà nínú rẹ̀. Ṣíbí méjì, ọmọ náà ì bá má jí mọ́.

Mo ka àwọn òjíṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá. Mo nu ojú, mo tún kà. Mọ́kànlá.

Mo pa òjíṣẹ́ kọkànlá rẹ́. Ó ku mẹ́wàá. Mo mí kanlẹ̀.

Ó tún di mọ́kànlá.

“Fi í sílẹ̀,” nọ́ọ̀sì àgbà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. “Ó gba ọmọ là.”

“A ò mọ̀ ọ́n, mà. Bó bá ní kí ìyá mìíràn fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí kò yẹ ńkọ́?”

Fáànù ń yí lókè, n kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Mo na ìka sí bọ́tìnì láti pa gbogbo ètò náà.

Kí n tó tẹ̀ ẹ́, orúkọ òjíṣẹ́ kọkànlá yí àwọ̀ padà lójú wa. *A ti yá a.*

Mo wo àwọn fóònù. Ìkankan kò dún. Kò sí ìyá kankan tó pè.

“Ta ló yá a?” nọ́ọ̀sì àgbà bi mí.

Mo wo ibi tí orúkọ ẹni tó yá òjíṣẹ́ máa ń wà. Ó ṣófo.

Títí di òní, òjíṣẹ́ náà kò tíì padà.