Àwọn Ọmọ Ìsàlẹ̀ Lára Bàtà Macdara

Òpùrọ́ ni mí, gbogbo abúlé Carna ló mọ̀. Èmi ni mo so agogo mọ́ ìrù ewúrẹ́ àlùfáà. Èmi náà ni mo da iyọ̀ sínú ṣúgà ìyá onílé ìtajà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín pé òótọ́ ni eléyìí: ká ní irọ́ mi ni, ìparí rẹ̀ ìbá dùn ju báyìí lọ.

Lẹ́yìn ìjì ìgbà òtútù, òkun máa ń da ọ̀pá òkun, ìyẹn igi koríko òkun, sí etí omi wa. Igbó ńlá kan ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, igbó koríko òkun tó ga ju ènìyàn lọ. Ìjì a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Àwa a ṣà á, a ó sá a sórí ògiri òkúta kó gbẹ, ọkọ̀ ẹrù a wá kó o. Torí iṣẹ́ yìí ni mo ṣe fi ilé ìwé sílẹ̀, àti torí pé olùkọ́ wa kò fẹ́ràn alákàn nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Inú gbòǹgbò ọ̀pá wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ ń gbé. Ìgbín òkun ni wọ́n, ọ̀kan kò tó èékánná ọmọńdinrín mi. Ìlà búlúù wà lẹ́yìn wọn, ó ń tàn bí ẹni pé iná wà nínú. Wọn a jẹ ara ọ̀pá náà títí yóò fi jin, ihò tó bá wọn mu rẹ́gí, wọn a wá jókòó síbẹ̀. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ òkúta. Wọn kì í lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Koríko òkun nìkan ni ilé wọn.

Bàbá àgbà kì í gbé ọ̀pá kankan kúrò létí omi láìkọ́kọ́ gbá gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ òkúta. Wọn a gbá a, wọn a dúró, títí àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ yóò fi já bọ́ padà sínú omi.

"Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún?" mo bi wọ́n.

"Ibi tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́, igbó ni wọ́n kà á sí. Igbó náà sì rèé, òkun ló ni ín."

"Tí wọ́n bá wá lẹ̀ mọ́ ènìyàn ńkọ́?"

Bàbá àgbà gbá gbòǹgbò mìíràn. "Ẹ̀wù Féichín àbúrò mi ni wọ́n lẹ̀ mọ́."

Ó parí síbẹ̀. Orúkọ Féichín wà lára òkúta kan ní itẹ́ òkú. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ òkúta náà.

Ẹ wò ó, ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí kò ní fi dápàárá?

Macdara ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ọkọ̀ tirẹ̀ tán. Gbogbo ìgbà òtútù ló fi kàn án. Ọjọ́ Sátidé ni yóò kọ́kọ́ gbé e jáde lọ dẹ ìgèrè fún edé ńlá. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mo bu àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ sínú agolo, mo sì lẹ̀ wọ́n yí ọrùn bàtà òjò rẹ̀ ká, ti òsì nìkan. Wọ́n dì í mú ṣinṣin. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wù mí. Mo lọ sùn, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.

Ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tán nígbà tí Bàbá àgbà rí i. Kọ́ọ̀bù tíì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Macdara, o ò lọ síbì kankan."

"Bàbá, àwọn yòókù ti ń ti ọkọ̀ sómi!"

"Mo ní o ò lọ."

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bú sẹ́rìn-ín. "Èmi ni! Ẹ wo ojú yín!"

Bàbá àgbà jókòó, wọ́n fọwọ́ lé àyà. Macdara ju búrẹ́dì lù mí. "Oníka-mẹ́rin! Lọ́jọ́ kan màá gé ìyókù kún un!"

Àáké ló gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mi nígbà tí mo kéré. Macdara nìkan ló ń fi pè mí.

"Lọ ṣí wọn kúrò kí n tó jẹun tán," ó ní.

Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹyẹ òkun kò ké. Bàtà òsì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Ti ọ̀tún ni mo wá wò. Wọ́n bò ó. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn, búlúù, búlúù, nínú òkùnkùn díẹ̀ tó kù.

Mi ò fọwọ́ kan bàtà ọ̀tún rárá lálẹ́ àná.

Mo ṣí ọ̀kan nínú wọn. Abẹ́ rẹ̀ ti jin. Ihò kékeré, ó bá a mu rẹ́gí. Wọ́n ti ń jẹ rọ́bà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ti ọ̀tún. Èyí kì í ṣe èmi."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹja ni."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ṣé Ọlọ́run tó o fi búra nípa ewúrẹ́ àlùfáà náà ni?"

Bàbá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò dìde. Mo gbọ́ tí Macdara ń ti àga sẹ́yìn, ó ń bọ̀ wá wọ bàtà.

Mo gbé méjèèjì, mo sáré. Mo dé etí àpáta, mo jù wọ́n sómi. Bàtà rọ́bà ni, ó ṣófo, ó yẹ kó léfòó. Kò léfòó. Wọ́n rì bí ẹni pé ẹsẹ̀ wà nínú wọn.

Macdara kò ní bàtà òjò mìíràn. Ó dúró lórí àpáta tòun ti ìbọ̀sẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Òkun pa rọ́rọ́ bí omi inú àwo lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn bọ̀ pẹ̀lú edé ńlá, wọ́n ń kọrin. Títí di ọdún Àjíǹde, ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ìgbà òtútù mìíràn dé. Ìjì jà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà létí omi nígbà tí Macdara fa ọ̀pá òkun kan jáde. Gbòǹgbò rẹ̀ di bàtà òjò kan mú bí ọwọ́. Ti òsì ni.

"Bàtà mi rèé!" Ẹ̀rín ló ń rín. "Olè, wá wo ẹrù ẹ!"

Bàbá àgbà gbà á, wọ́n gbá a mọ́ òkúta. Wọ́n dúró. Ọmọ ìsàlẹ̀ kan kò já bọ́. Wọ́n tún gbá a. Wọn kò mira.

Bàbá àgbà bá fi ọ̀bẹ la bàtà náà. Gbòǹgbò ti kún inú rẹ̀. Ó ní gìgísẹ̀. Ó ní ọrùn ẹsẹ̀. Ó ní ìka.

Macdara bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ tirẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tirẹ̀ gùn jù ú lọ dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Mo rí i tó ń ka àwọn ìka náà, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ibi tó yẹ kí ọmọ ìka wà, ó tẹ́jú, ó ń dán, bí ojú àpá.

Bàbá àgbà kò sá a sórí ògiri. Wọ́n gbé e wọ inú omi títí omi fi dé ìbàdí wọn, wọ́n sì rọra jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ rí?" mo bi Macdara.

"Gbòǹgbò."

Mo ṣì ń dápàárá o. Ẹ bi àlùfáà léèrè. Ṣùgbọ́n Macdara kò pè mí ní Oníka-mẹ́rin mọ́. Orúkọ mi gan-an, Nuala, ló ń pè mí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókèèrè. Mo ti bú u kó lè fi bú mi padà. Nuala náà ló tún pè mí.

Òun ló ń kọ́kọ́ jí láàárọ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bàtà mi wà. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n wò bóyá nǹkan lẹ̀ mọ́ wọn, ti òsì, ti ọ̀tún. Kì í sọ ohun tó bá níbẹ̀.