Alùpùpù Tí Kò Lóhùn

Ìkùukùu ṣì bo ẹsẹ̀ òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo òrùlé sì dà bí ohun tí wọ́n fi òwú dì. Afetíwò jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tẹ etí ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kan tó ń hó gùdù, ó di ojú méjèèjì, ó ń gbọ́.

"Fáàfù ló ń ṣe é," ló wí fún ẹni tó gbé e wá. "Ikọ́ gbígbẹ ló ń wú yìí. Bó bá jẹ́ písítọ́ọ̀nù ni, ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ lò bá máa gbọ́."

Bó ti ń ṣe é láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Afetíwò, torí etí ló fi ń wo àìsàn ẹ̀rọ, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń bọ́ni kì í ṣaláì jẹ nínú ara ẹni. Ariwo ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́. Bó bá dùbúlẹ̀ pàápàá, nǹkan ṣì ń hó nínú orí rẹ̀ bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Nínú gbogbo ohun tí ayé ní, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló ń wù ú.

Ìyàwó rẹ̀ aránṣọ wà lápá kejì ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí àbúrò ọkọ rẹ̀, agbẹ̀bí, tó ń ti alùpùpù bọ̀, tí òógùn bo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ mi yìí tún ti kọ̀ mí sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Kí lo tún fi ṣe é?" Afetíwò béèrè.

"Mo ní kó gbé mi gun òkè ni, ó bú mi, ó sì dákú. Ẹ bá mi wá ọkọ mìíràn tó lẹ́mìí. Ẹ sáà mọ̀ pé èmi nìkan kọ́. Bí mo bá gbé aboyún sẹ́yìn, ẹ̀mí mẹ́ta ló wà lórí táyà méjì."

Òótọ́ ló sọ. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wà, orí òkè ni ilé ìwòsàn wà, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sì dà bí àkàbà tí wọ́n fi ti ògiri. Afetíwò fẹ́ dá a lóhùn, àfi bí ẹnì kan ṣe kí i láti ẹ̀yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi."

Afetíwò fò sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó jókòó lórí alùpùpù funfun kan. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìgbà tó dé.

"Ibo lo gbà yọ? Ṣé ẹ̀rọ rẹ ti kú ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá. Iná mànàmáná ló ń lò. Kì í mu epo, kì í rú èéfín, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ tẹ́tí sí i wò."

Afetíwò tẹ́tí. Ẹ̀jẹ̀ ara òun tìkára rẹ̀ ló gbọ́ tó ń ṣàn. Ó gùn ún, ó sì wọ inú ìkùukùu lọ ní ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹsẹ̀ òkè ká, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí ẹní. Ó gbọ́ ìyẹ́ ẹyẹ. Ó gbọ́ ìgbálẹ̀ nínú àgbàlá kan, ó gbọ́ ọmọdé tó ń ka ìwé sókè, ó gbọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọ̀nà tó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí, àfi ọjọ́ náà. Ó dà bí ẹni tí ń gun àlá. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti lómi.

"Màá tà á," ló wí. "Gbogbo ìlú yìí ni màá tà á fún."

"Èmi náà fẹ́," ni agbẹ̀bí dáhùn, "bó bá lè gun òkè."

Ìyàwó dìde lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó ti yá nìyẹn. Àǹtí, ẹ jókòó sẹ́yìn. Bàbá wọn, ẹ gbé wọn dé ilé ìwòsàn ká wò ó."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, tuntun ni o. A kì í gbé ẹrù lé tuntun lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sì yẹ kí n dé ibòmíì kí oòrùn tó mú. Bí ewúrẹ́ ṣe ń gun òkè ló ṣe máa ń gùn ún, mo fi dá yín lójú."

"Ṣé kó sùn mọ́jú níbí kó o wá gbé e lọ́la?"

"Ẹ̀yọ kan ṣoṣo tí mo fi ń hàn nìyí, ìyá wa."

"Bàbá wọn, mi ò gba tirẹ̀ gbọ́," ni ìyàwó wí nígbà tí onítọ̀hún lọ. "Ẹlẹ́nu-oyin ni."

"Ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn máa ń ké," Afetíwò dáhùn. "Èyí kò ké."

"Aṣọ náà kì í ké. Síbẹ̀ kí n tó ra ọ̀pá kan, mo máa fà á, mo máa rẹ ẹ́ sómi, mo máa fún un, mo máa wò ó bóyá aró rẹ̀ á ṣí."

"Aṣọ lo mọ̀, ìyàwó mi. Ẹ̀rọ lèmi mọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ń kó irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wọ̀lú gbọ́ pé Afetíwò fẹ́ máa tà, ó sì wá. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ dọ̀tí, kò sì rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Alùpùpù tirẹ̀ ń kùn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹ̀fọn tó há sínú àpótí. Kó tó sọ̀kalẹ̀ rárá ni Afetíwò ti fajú ro.

"Àwọn wo lẹ máa tà á fún?" obìnrin náà béèrè. "Ṣé wọ́n máa ń gbé èèyàn? Ṣé òkè tí mò ń wò yìí ni wọ́n ń gùn? Iná ilé wọn ńkọ́, ṣé ó máa ń pẹ́ tó láti fi gba bátìrì kún? Ta ló máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́?"

"Èmi ni, ta tún ni?"

"Ẹ ti ṣí àpótí bátìrì rí?"

"Rárá."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà náà, torí iná inú rẹ̀ tó pa èèyàn. Ẹ wá sí ibi iṣẹ́ wa ká kọ́ yín. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí àwọn èlò tí a fi ń pààrọ̀, ẹ fọwọ́ kàn wọ́n, kì í ṣe àwòrán. Èyí tí mo gùn wá yìí, màá fi sílẹ̀. Ẹ gbé èèyàn tó sanra sẹ́yìn, ẹ gùn ún títí bátìrì á fi tán, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó máa kú sí. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́ o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti rà á lọ́dún tó kọjá."

Ìyàwó ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ń gbọ́. "Bí bátìrì náà bá darúgbó ńkọ́?" ló béèrè.

"Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìyá. Gbogbo bátìrì ló ń darúgbó. Tiwa tó bá ti rẹ̀, a ń gbà á padà, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó o fún yín, ẹ bi í pé níbo ni òkú bátìrì ń lọ. Bí kò bá rí èsì fọ̀, ilé yín ló fẹ́ sọ di itẹ́ òkú wọn."

Ohun tó wà létí Afetíwò yàtọ̀. "Kí ló ń kùn nínú rẹ̀?"

"Mọ́tò rẹ̀ ni. Bó bá ń fa ẹrù, ó máa ń dún díẹ̀."

"Ẹ̀rọ tó ń kùn, nǹkan ń dùn ún."

"Ọ̀gá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ," ni obìnrin náà dáhùn, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Afetíwò ní kó máa gbé e lọ.

"Eléyìí bi wá léèrè," ni ìyàwó wí bó ti ń wò ó lọ. "Ti ìjọ́sí ti dáhùn ká tó béèrè."

Afetíwò ti wọ ṣọ́ọ̀bù lọ. Ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà tó kún fún ìkùukùu. Ẹni tí ìfẹ́ bá wọ̀ létí, ìmọ̀ràn kì í ráyè wọlé mọ́. Gbogbo owó tó kó jọ láti ọdún pípẹ́ ló gbé fún Ẹlẹ́nu-oyin. Ó fọ òróró dúdú kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó kun ògiri lẹ́fun. Nígbà tí ọjà dé, àwọn alùpùpù náà tò síbẹ̀ bí agbo lékeléke tó bà sétí odò. Ó máa ń jókòó sáàárín wọn láìṣe nǹkan kan. Ó ń rí ìlú kan lójú ara rẹ̀, níbi tí ọgọ́rọ̀ èèyàn ń gun alùpùpù kọjá bí òjìji, tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè bá ẹni tó wà ní òdìkejì sọ̀rọ̀ láì pariwo.

Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ló ń gùn ún kiri, lọ́dọ̀ àwọn ìyálọ́mọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ tuntun yìí kì í ráhùn o!" ló máa ń wí bó bá ń kọjá. Inú Afetíwò á dùn bí ẹni tó jẹ oyin.

Ìkùukùu tún bolẹ̀ láàárọ̀ tí agbẹ̀bí gbé aboyún kan sẹ́yìn. Ọmọ náà ò wálẹ̀ bó ṣe yẹ, àfi kí wọ́n dé ilé ìwòsàn. Afetíwò rí wọn bí wọ́n ṣe kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Agbẹ̀bí juwọ́ sí i. Funfun wọ inú funfun, ó sì kó wọn mì láì dún. Kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ igbe.

Òun àti ìyàwó rẹ̀ sáré gun òkè. Ìdajì ọ̀nà ni wọ́n bá wọn. Fìtílà ara alùpùpù náà ṣì ń sọ pé bátìrì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Kò wúkọ́, kò ké kó tó kú. Ó kàn dákẹ́ ju bó ti ń dákẹ́ lọ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà sẹ́yìn. Agbẹ̀bí ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ kí aboyún má fi ikùn lulẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti yí síbi tí ọwọ́ kì í yí sí. Ọmọ sì ti ń bọ̀.

"Ìyàwó wa!" Agbẹ̀bí ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín. "Má wo ọwọ́ mi, ìyẹn kọ́ ló ń rọbí. Tẹ́ ìró rẹ sílẹ̀. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbé orí rẹ̀. Má fà á o! Aṣọ kọ́. Jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀."

Aránṣọ gbé e, kò fà á. Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó dákẹ́. Afetíwò dúró nínú ìkùukùu, ó tẹ́tí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ìdákẹ́jẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó lọ. Nígbà tó pẹ́ ni ọmọ náà ké.

Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n dókítà sọ fún agbẹ̀bí pé egungun náà á jinná, àmọ́ ọwọ́ náà ò ní lè di nǹkan mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà Ẹlẹ́nu-oyin kò lọ mọ́. Afetíwò wá ibi tó pè ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ, onígbàjámọ̀ ló bá níbẹ̀. "Ẹ jókòó," ni onígbàjámọ̀ wí. "Gbogbo ẹni tó bá wá a wá ni mò ń gé irun fún, wọ́n sáà ti rìn dé ibí."

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Afetíwò gbé ọ̀kan nínú àwọn alùpùpù náà lọ bá obìnrin oníbàtà-dídọ̀tí yẹn. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó ṣí àpótí bátìrì níṣojú rẹ̀. Ògbólógbòó bátìrì wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti lò níbòmíràn ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, àwọn kan ti wú bí eéwo.

"Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, wọ́n á ṣe bí ẹni tó lágbára," ni obìnrin náà wí. "Òkè àti ẹrù ló ń tú àṣírí wọn. Fìtílà tó ń sọ pé ó kún, irọ́ ni wọ́n kọ́ ọ. Ìgbà tí ẹ gùn ún wò, ẹrù wo lẹ gbé?"

"N kò gbé nǹkan kan. Mo kàn ń gbọ́ ni."

Ojúlé dé ojúlé ni Afetíwò ti gba àwọn yòókù tó ti tà padà kí wọ́n tó ṣe ẹlòmíràn léṣe. Kò wí àwíjàre. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló tà láti dá owó àwọn èèyàn padà, kò sì tíì dá gbogbo rẹ̀ padà tán. Oníbàárà kan wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Afetíwò, ṣé ìyàwó ẹ ò sọ̀rọ̀ létí ẹ ni?"

Èyí tó dùn ún jù ni ti àbúrò rẹ̀, tí kò tilẹ̀ bú u.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojoojúmọ́ lẹ ń bi alùpùpù pé kí ló ń ṣe ọ́. Lọ́jọ́ tó kàn mí, ẹ ò bi mí pé kí ni mò ń gbé, ibo ni mò ń gbé e lọ."

Agbẹ̀bí náà ṣì ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹnu ló fi ń gbẹ̀bí báyìí, ó ń dúró ti àwọn tó kéré sí i, ó ń sọ ibi tí wọ́n máa gbé ọwọ́ sí. Bí ọmọ bá dé, ẹlòmíràn ló ń gbà á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, alùpùpù oníná kì í ṣe ọ̀tá wa. Ohun rere ni, a ó sì máa gùn ún. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o fẹ́ máa tà á, má yan ẹni tó ń kó o fún ọ nítorí ohùn dídùn rẹ̀ tàbí nítorí bí ọjà náà ṣe wọ̀ ọ́ lójú. Kó o tó fún un ní ohunkóhun, dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó o sì fojú rí àwọn èlò tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Gba ìlérí rẹ̀ sínú ìwé tó lórúkọ àti ibùgbé tó ṣeé tọpa. Wá àwọn tó ti rà á ṣáájú rẹ lọ. Ẹrù tó wúwo jù tí àwọn oníbàárà rẹ ń gbé ni kó o gbé, òkè tó ga jù nínú ìlú rẹ ni kó o gùn, títí bátìrì á fi tán pátápátá. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, o ti rí èsì rẹ gbà nìyẹn.

Tí ẹni tí kò dùn-ún wò bá sì ń bi ọ́ ní ìbéèrè tó ń bí ọ nínú, fún un níjòókòó. Kì í ṣe ohun tó wu àwa là ń tà fún èèyàn. Ohun tó máa gbé e délé ni.