Ojú Ìyá Àgbà Nínú Fíìmù Ẹ̀rù

Matthias ti ilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. "Kò sẹ́ni tó ń jáde o, títí fíìmù á fi parí!"

"Yauwa! Ó dáa bẹ́ẹ̀!" làwọn ọ̀dọ́ tó kún inú sítọ́ọ̀ náà ní Bukuru, lẹ́bàá Jos, dá a lóhùn. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má baà wọlé. Àjọ̀dún fíìmù ẹ̀rù ni Matthias àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pe ìpàdé yìí. Àwọn fúnra wọn ló fi fóònù ya àwọn fíìmù náà, wọn ò sì jẹ́ kí òbí kankan gbọ́.

Tẹjúmádé há sáàrin ògiri àti Tabitha, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ti parọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ kàwé ìdánwò. Ẹ wo ọmọ!

Nínú fíìmù kìíní, ọmọdé kan ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn sì ń dá a lóhùn. Nínú èkejì, ọkùnrin kan wojú omi níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà láyé àtijọ́. Ó yí padà ó ń lọ, òjìji rẹ̀ ò tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀. Ojú Ìyá Àgbà ilé Tẹjúmádé ló kún ara ògiri tí wọ́n ń wò!

Háà! Matthias ti ṣèlérí pé òun á bo ojú náà. Òun ló ní ẹni tó bá mú àwòrán òótọ́ tó ń bani lẹ́rù wá ni àwọn máa gbà sẹ́gbẹ́. Ni Tẹjúmádé bá yọ́ ya ìyá bàbá rẹ̀, arúgbó Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń rìn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, tó ń dá sọ̀rọ̀. Jos ni wọ́n bí Tẹjúmádé sí, Hausa sì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Kò bìkítà rí láti mọ ohun tí arúgbó ń wí. Ojú ló máa ń tì í.

Àmọ́ nínú òkùnkùn yìí, kò síbi tó lè sá gbà, ó bá fetí sí ohun tí arúgbó ń wí nínú fíìmù.

"Àwẹ̀ró, ọmọ Ọláníyan, ọmọ tó dé tí ara tù mí. Orí rẹ á bá ọ wọ yàrá ìdánwò. Ẹni tó ní o ò ní yege, ojú á tì í."

Àwẹ̀ró! Oríkì tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Òun ni arúgbó ń kì láràárọ̀! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó tí Matthias kọ sísàlẹ̀ ń wí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan ni ìyá náà fẹ́ mu.

"Mayya!" ni gbogbo ilé ń pariwo, ìyẹn àjẹ́ lédè Hausa. Abdulafeez, ọmọ àdúgbò Tẹjúmádé ní Angwan Rogo, fò dìde. "Mo mọ ìyá yìí! Abájọ tó fi ń dá sọ̀rọ̀!"

Tẹjúmádé náà dìde. Ó sáré lọ fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, yàtọ̀ sí Matthias, pé òun ló yà á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ arúgbó kan lókùúta rí nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ó lọ dúró níwájú iná tó ń gbé àwòrán jáde.

"Ki zauna! Jókòó jàre!" ni wọ́n kígbe mọ́ ọn.

"Kakata ce!" ó figbe ta. "Ìyá bàbá mi ni wọ́n! Èmi ni mo yà wọ́n. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún mi, irọ́ ni Matthias kọ síbẹ̀!"

Matthias pa fíìmù náà rẹ́, ó ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, ó ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù káàkiri láti fi polówó. Nígbà tí Tẹjúmádé délé, àwọn aládùúgbò ti ń fa ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò nà án. Ó dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, Tẹjúmádé ń fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní, "To, mun ji," àwọn ti gbọ́, wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò bínú. "Wọ́n gbọ́ ohùn mi dé Bukuru?" ó béèrè. "Ṣé oríkì rẹ dùn mọ́ wọn?"

Tẹjúmádé bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwòrán náà rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fi ẹni yín wá ojúrere ẹgbẹ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ń wí.