Omi Amọ̀ Kò Gbé Èésan

"Wọ́n ní ọmọ Àríkẹ́ yẹn ní..."

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní gbogbo ìyá tó ń pa ekùrọ́ ní agbo ilé wa, olè ni..."

"Háà! Títí kan Ìyá Oyètúndé?"

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi ní..."

Asiata, ọmọ Àríkẹ́ náà gan-an, ru omi yọ ní ẹ̀yìn ògiri, wọ́n panu mọ́. Ó ti gbọ́ ná.

Láti ìgbà tí rélùwéè ti dé Ọ̀fà ni àwọn obìnrin agbo ilé wọn ti ń pa ekùrọ́ jọ sínú apẹ̀rẹ̀ kan, tí wọ́n ń gbé e lọ fún oníṣòwò tó ń wọ̀n ọ́n rà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Oyètúndé, olórí wọn, bu èésan, èèpo líle ara ekùrọ́, ó ní kí Asiata dà á mọ́ ọn kó lè wúwo.

"Dà á sí i jàre," ni Ọmọ́ládé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ìwọ lo bí òótọ́ ni?"

Asiata kọ̀. Gbólóhùn méjì péré ló sọ. Ni Ìyá Oyètúndé bá da èésan náà sí i fúnra rẹ̀, ó fọwọ́ pò ó pọ̀. Inú bí Asiata. Ó gbé apẹ̀rẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò omi amọ̀ tí wọ́n fi ń ya ekùrọ́ sọ́tọ̀. Omi lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí àti ekùrọ́ àti èésan ló ń rì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá po amọ̀ mọ́ omi títí tó fi ki, ekùrọ́ a léfòó, èésan a sì lọ sísàlẹ̀. Lójú gbogbo wọn, ohun tí wọ́n pò pọ̀ tún pínyà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Baba Akínwándé, olórí agbo ilé, pè wọ́n jọ.

"Asiata, kúnlẹ̀ kí o bẹ àwọn ìyá rẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní bá wọn pa ekùrọ́ mọ́."

Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ekùrọ́ yìí ni òun àti ìyá rẹ̀ fi ń jẹun. Àríkẹ́ fà á láṣọ. "Ọmọ mi, bẹ̀ wọ́n, jọ̀ọ́."

Asiata kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹrí ba. "Mo kúnlẹ̀ kí yín ni, Baba. N kò ní bẹ̀bẹ̀ ọ̀rọ̀ tí n kò sọ. Bí ẹ bá lé mi, màá máa dá tèmi pa."

"Ẹ ò gbọ́ ẹnu bí abẹ!" ni Ìyá Oyètúndé pariwo. "Ó pè wá lólè!"

Baba gbọ́wọ́ sókè. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bó bá pè yín lólè, kó máa lọ. Bí kò bá pè yín, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ta ló wà níbẹ̀?"

Asiata wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Bó ti rò pé ó ti parí nìyẹn, Ọmọ́ládé dìde.

"Mo wà níbẹ̀, Baba. Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ohun tó wí nìyí: 'Ìyá mi, bí ẹ bá fẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ wa wúwo, ẹ jẹ́ ká pa ekùrọ́ kún un. Èésan kì í ṣe ekùrọ́, n kò ní dà á mọ́ ọn.'"