Ohùn Stan Tó Pòórá Nínú Àwo

Àyà Marlene já nígbà tí orin kejì bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn Stan. Ó gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó ń kọ àwo orin padà sẹ́yìn, ó tún un gbọ́. Ìlù ló kàn bú jáde gbàù, láìsí ohùn kankan níwájú ẹ̀.

Stan ọkọ ẹ̀ ló ń lùlù fún ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan, Copper Mules, nígbà èwe wọn ní Milwaukee. Nínú ọgọ́rùn-ún àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, Stan ka ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè Poland kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀, wọ́n gé ohùn yẹn dànù. Ọdún mẹ́fà rèé tí Stan ti kú. Ohùn yẹn, nínú ọ̀kan lára ọgọ́rùn-ún àwo náà, nìkan ló ṣẹ́ kù fún Marlene.

Kò sì sẹ́lòmíì tó fọwọ́ kan àwo náà àfi Curt Haldane, tó ń bá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ àwo orin tí Marlene wà nínú ẹ̀ fọ àwo wọn. Marlene pè é lórí fóònù, ó bi í léèrè ohùn ọkọ ẹ̀, kò sọ ohun tí ohùn náà ń wí.

"Ohùn wo?" ni Curt wí. "Mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀ nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán. Kò sí ohùn kankan níbẹ̀ rí. Màmá, ọjọ́ orí ti dé o. Bẹ́ ẹ bá ń bà mí lórúkọ jẹ́ kiri, màá pe ọmọ yín ní Denver, màá ní orí yín ti ń dàrú. Ilé àwọn arúgbó ló máa gbé yín lọ."

Ẹ gbọ́ ìwà ìkà! Ohun tó dẹ́rù ba Marlene jù ni pé ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣebí òun náà ló gbàgbé ìkòkò sórí iná lọ́sẹ̀ tó kọjá? Àbí ojú àlá lòun ti ń gbọ́ Stan látọjọ́ yìí? Ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó tún lọ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Dewey Tibbs, tó ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé, ló fọkàn ẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. "Àǹtí Marlene, mo gbà yín gbọ́. Curt lè jalè kójú ẹ̀ má ṣẹ́, àmọ́ kò lè gbà kẹ́nikẹ́ni borí òun nínú àríyànjiyàn láé. Ẹ wá ní Sátidé."

Marlene lọ lóòótọ́. Obìnrin kan ń ṣí àwo wò lẹ́yìn. Ọlọ́pàá tí Dewey pè ni, Tovar lorúkọ ẹ̀, Curt ò mọ̀ ọ́n. Curt wá jókòó ti Marlene gan-an, ó sọ sí i létí pé, "Nọ́ńbà Denver wà lápò mi o." Marlene sún kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

Dewey gbé kọfí ẹ̀ sílẹ̀. "Àwọn Copper Mules yìí, ọ̀dọ̀ àwọn onílù orin bulúùsì ní Chicago ni wọ́n ti kọ́ gbogbo ẹ̀."

"Irọ́!" ni Curt fọhùn. "Ìlù pólíkà ni, ìlù ìgbéyàwó àwọn ará Poland."

"Ẹ̀rí ẹ dà? Ẹnu lásán! Etí ẹ ti di!"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Curt fò dìde, iṣan ọrùn ẹ̀ le.

"Etí ta ló di? Kí orin kejì tó bẹ̀rẹ̀, onílù wọn ka ení, èjì, ẹ̀ta ní èdè Poland, bí wọ́n ṣe ń kà á fún ijó pólíkà gẹ́lẹ́! Ẹ̀rí wo lẹ tún fẹ́?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Curt," ni Dewey wí, "nínú àwo ta lo ti gbọ́ ọ?"

Curt sáré sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, Tovar sì ti dínà, ó bi í pé,

"Níbo ló wà?"

"Kí ni?"

"Má fàkókò mi ṣòfò. Níbo ló wà?"

"Inú mọ́tò mi." Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹnì kan fẹ́ wá rà á lọ́jọ́ Ajé. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ ni mo fi sínú páálí màmá yìí. Mo ti ṣe é fún ẹni mẹ́rin míì."

Wọ́n gbé àwo náà wọlé. Dewey fi abẹ́rẹ́ lé e. Orin kìíní parí, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jáde, ó ń kánjú, bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Marlene di tábìlì mú, omijé ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò.

"Orí mi pé," ló wí. Ó yíjú sí gbogbo wọn, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ ń gbọ́ mi? Orí mi pé!"